Ààrò Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọlé

Ohun tí oníbúrẹ́dì náà ń wá kò pọ̀. Ó fẹ́ máa ṣe búrẹ́dì níbi tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò ti ní máa wò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò wá ilé ńlá, kò wá òkìkí. Yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì látinú, ààrò rẹ̀ nínú yàrá náà, kí etí rẹ̀ sì sinmi.

Láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọsibítù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọsibítù kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Láràárọ̀, kí búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó jáde, á ti dúró lójú fèrèsé, á gbé apá méjèèjì lé pákó fèrèsé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ búrẹ́dì wò bí ẹni ń yẹ aláìsàn wò lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyàwó wa, búrẹ́dì òní mà rẹ̀wẹ̀sì o. Kí ló ṣe é? Ṣé ibà ni?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kò tíì jinná ni."

"Ẹn-ẹ́n. Mo ní kí n béèrè ni."

Búrẹ́dì tó bá ga, á ní ó wú. Èyí tó bá pọ́n, á ní ó ti jóná. Èyí tí kò bá pọ́n, á ní kò ní ẹ̀jẹ̀ lára. Lẹ́yìn náà ni yóò já ìdí ọ̀kan, yóò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, yóò wá sọ fún ẹni tó wá rà á pé, "Ẹ rà á bẹ́ẹ̀. Ó ń gbìyànjú." Ọ̀rọ̀ "ó ń gbìyànjú" yìí ló máa ń dun oníbúrẹ́dì wọ egungun. Gbogbo àdúgbò ló ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀, wọ́n ń tò sí ẹnu ọ̀nà nítorí rẹ̀ láàárọ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń gbìyànjú.

Kò sì ṣeé bá jà. Àǹtí ló ni ilé. Àǹtí ló tọ́ ọkọ rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Bí oníbúrẹ́dì bá fajú ro, wọ́n á ní kò moore. Bó bá rẹ́rìn-ín, Àǹtí á gbà pé inú rẹ̀ dùn sí i, á tún wá lọ́la. Torí náà, nígbà tó gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan ṣófo ní òdìkejì òkè, tó sì ní yàrá méjì lẹ́yìn tí wọ́n lè máa gbé, ṣe ló fọwọ́ bo ẹnu kó má baà pariwo.

Ọkọ rẹ̀ kò janpata. Fọ́tò ló ń yà, Fọ́tò náà sì ni wọ́n ń pè é. Ó ní, "Orí àti ojú wà níbi gbogbo. Ibi tórí àti ojú bá wà, màá rí nǹkan yà."

Ṣùgbọ́n onílé ṣọ́ọ̀bù náà kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní obìnrin onídìrí kan náà fẹ́ ibẹ̀. Tí òun kò bá rí ààrò nínú ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé á fi ṣú, onídìrí ni òun máa fún ní kọ́kọ́rọ́.

Àárọ̀ Sátidé gan-an ni ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tí wọ́n bá ṣe àdéhùn ránṣẹ́ pé ẹ́ńjìnnì òun wà nílẹ̀, wọ́n ti tú u palẹ̀. Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpótí kan. Àǹtí Nọ́ọ̀sì dúró lójú fèrèsé.

"Ṣé mi ò sọ? Ìyàwó wa, máa ṣe é níbí jẹ́jẹ́. Ta ló ń lé ọ?"

Fọ́tò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó rí nǹkan níbẹ̀ tó mú un jáde lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ wẹ́dà, tó ń jó irin fún géètì àti fèrèsé. Wẹ́dà yìí ní tírélà kan. Kì í ṣe àwọn tírélà gàgàrà tó ń kó sìmẹ́ńtì o. Tírélà kékeré ni, onítáyà méjì, èyí tí wọ́n ń fi ẹnu rẹ̀ kọ́ bọ́ọ̀lù irin tó wà nídìí ọkọ̀.

Ọkọ̀ Fọ́tò náà kò ju ọkọ̀ ilé lásán lọ. Ohun tó tíì gbé rí tó wúwo jù ni ìyàwó tuntun kan àti ìyá ìyàwó náà, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Ṣé ó lè fà á báyìí?" ni Fọ́tò bi wẹ́dà, bó ti ń jó bọ́ọ̀lù irin náà mọ́ ọn nídìí.

"Fọ́tò, fọkàn balẹ̀. Tírélà tèmi yìí, tó o bá gbé ilé lé e, ilé ló máa kọ́kọ́ ní ó ti rẹ òun."

"Mi ò sọ ti tírélà. Ọkọ̀ tèmi ni mo ń sọ."

"Ṣé ọkọ̀ ẹ ló máa gbé e ni? Fífà ló máa fà á. Gbígbé lọ́tọ̀, fífà lọ́tọ̀."

Oníbúrẹ́dì gbọ́ èyí. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà gún jù láti jẹ́ òótọ́. Àmọ́ Sátidé ni, ó sì fẹ́ lọ.

Kí á má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣọ́ra. Gbogbo ohun tí ojú lè rí ni wọ́n ṣe. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí táyà ọkọ̀ àti ti tírélà. Wọ́n fi ṣéènì méjì kọ́ra lábẹ́ ẹnu tírélà, pé bí bọ́ọ̀lù bá yọ, kí ṣéènì dì í mú. Fọ́tò jókòó sínú ọkọ̀, ó ń tẹ bíréèkì, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó ń wo iná bíréèkì, ó ń kígbe pé, "Ó tàn! Ó tún tàn!" Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀yìn. Wẹ́dà ní òun kò tíì rí àwọn èèyàn tó bẹ̀rù báyìí rí, ó sì sọ ọ́ bíi pé ó ń yìn wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n di ẹrù.

Àwọn oníbúrẹ́dì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó le ní òfin kan: ààrò ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Bó o bá gbé tábìlì ṣáájú, wà á tún un gbé jáde, torí ààrò ló máa sọ ibi tí tábìlì á dúró sí. Òun ló ní páìpù èéfín, òun ló ní iná, òun ló ní àyè. Ọ̀gá tó kọ́ oníbúrẹ́dì yìí níṣẹ́ ti fi ọwọ́ gbá a lórí nítorí òfin yìí rí, kò sì gbàgbé. Bó bá sì ṣe pé ààrò ló máa kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá máa kọ́kọ́ sọ̀, òun ló gbọ́dọ̀ gùn kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó tábìlì, ọpọ́n tó fi ń po ìyẹ̀fun, àwọn agolo búrẹ́dì, tìmùtìmù àti aṣọ ilé síwájú tírélà, nítòsí ọkọ̀. Nígbà tó ku ìdí tírélà nìkan, wẹ́dà àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ fi páìpù sábẹ́ ààrò, wọ́n yí i gẹrẹrẹ gun orí pákó, wọ́n sì fi í sí ẹ̀yìn pátápátá. Irin gidi ni ààrò náà, ó wúwo ju gbogbo ohun tó kù lọ lápapọ̀. Wọ́n fi okùn dì í bí ìgbà tí wọ́n ń di olè.

Oníbúrẹ́dì gbọn ọwọ́ nù. Ọ̀gá rẹ̀ ìbá yìn ín.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń ṣe nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ ti gbéra nílẹ̀, imú rẹ̀ dorí kodò, bíi pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá nǹkan jẹ lábẹ́ omi. Fọ́tò fà sẹ́yìn. Ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ ṣe férémù bó ti máa ń ṣe kó tó ya àwọn ìdílé ńlá, ó di ojú kan.

"Kò tọ́ lójú mi."

"Ìdí ọkọ̀ ẹ ló fúyẹ́," ni wẹ́dà wí. "Fi ẹrù sí i."

Wọ́n kó àpótí kámẹ́rà àti àwọn ìwé sínú búùtù. Ìdí ọkọ̀ wálẹ̀ díẹ̀, kò tó. Fọ́tò tún di ojú kan.

"Èèyàn ló kù," ló wí.

Kò sẹ́ni tó sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí ojú sí fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà, níbi tí Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé apá lé, tó kún fèrèsé náà láti òpó dé òpó.

"Lọ bá a sọ ọ́," ni oníbúrẹ́dì wí.

"Èmi? Kí n ní kó wá jókòó nítorí bó ṣe tó? Á gbá mi létí níwájú wẹ́dà."

Oníbúrẹ́dì wo ọkọ̀. Ó wo oòrùn. Ó rántí onídìrí. Ó lọ sí abẹ́ fèrèsé, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí kò rò pé òun lè sọ láé.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa lọ. Ẹ̀yin lẹ tọ́ wa dé ibi tá a dé. Kò yẹ ká wọ ibẹ̀ láìsí yín."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì fi í sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀. Ó ń gbádùn ẹ̀bẹ̀ náà.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò lè dá a ṣe," ló wí níkẹyìn, ó sì wọlé lọ mú báàgì.

Nígbà tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀. Ìdí rẹ̀ wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i mà," ni Fọ́tò wí, ó ti di ojú kan.

"Kí n sún lọ síbo? Ṣé inú búùtù ni? Kí ló dé tó o ń wò mí bíi pé orí ìwọ̀n ni mo wà?"

"Mo kàn ń wò bẹ́ ẹ ṣe jókòó ni mà. Ó ti gún! Ẹ wò ó, ó gún régé!"

Lóòótọ́ ni. Ọkọ̀ àti tírélà wà ní dọ́gba-dọ́gba bí omi inú abọ́. Èèyàn lè yà á ní fọ́tò kó sì gbé e kọ́ sára ògiri. Wọ́n ki ara wọn kú iṣẹ́, wọ́n sì gbéra.

Ní títì tó tẹ́jú, ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Fọ́tò ń rọra wa ọkọ̀, ó jìnnà sí ọkọ̀ tó wà níwájú, ó ń wo dígí ọ̀tún, ó ń wo dígí òsì. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń fa tírélà láti kékeré.

"Ọ̀rọ̀ fífà yìí, ìfarabalẹ̀ ni. Àwọn tó ń kù gìrì sí i ni wọ́n ń ní wàhálà."

"Ṣé òkú là ń sin ni?" ni Àǹtí wí láti ẹ̀yìn. "Onígbá tó ń fẹsẹ̀ rìn yẹn ti kọjá wa lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ jẹ́ kó rọra mà," ni oníbúrẹ́dì wí.

"Mo ní kó má rọra ni? Mo ní kó máa rìn ni."

Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. Fọ́tò fi í sí jíà tó kéré jù, ó tẹ iná títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń wọ́ bí ìgbín. Àwọn ọkọ̀ tó to sẹ́yìn wọn ń fọn fèrè, ọ̀kan yọ orí jáde, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ká bá yín tì í ni?" Etí Fọ́tò pọ́n. Òórùn rọ́bà tó ń jóná gba gbogbo inú ọkọ̀, Àǹtí sì fi gèlè bo imú.

Bí wọ́n ṣe dé orí òkè tí títì dorí kodò, Fọ́tò ní kí òun fi han àwọn tó wà lẹ́yìn wọ̀nyẹn pé ọkọ̀ òun náà lẹ́sẹ̀. Ó jẹ́ kó sáré.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó dà bíi pé ẹnì kan rọra fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn. Ìgbà kejì, ó tì wọ́n.

"Ta ló ń jó níbẹ̀ yẹn?" ni Àǹtí bi wọ́n.

Oníbúrẹ́dì wo dígí. Ó rí tírélà náà nínú dígí ọ̀tún, gbogbo rẹ̀. Kó tó ṣẹ́jú, dígí òsì ló wà. Ìdí ọkọ̀ ń tẹ̀lé e, ó ń fi wọ́n sọ̀kò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Fọ́tò yí sítíárì sọ́tùn-ún láti mú un, tírélà lọ sósì. Ó yí i sósì, tírélà bọ̀ wá sọ́tùn-ún pẹ̀lú agbára. Ó ń bá a jà, bó sì ṣe ń bá a jà lara tírélà ń yá sí i. Ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ lódìkejì fọn fèrè, ó sá wọ inú koríko.

Ó tini lójú láti sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ wá sí oníbúrẹ́dì lọ́kàn. Ààrò ni. Ó rí i tó ṣubú sí títì, tó fọ́, tí òun sì padà sí abẹ́ fèrèsé yẹn títí ayé.

"Tẹ bíréèkì!" ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì kígbe. "Tẹ bíréèkì! Tẹ̀ ẹ́!"

Ohùn tó fi ń dá gbogbo yàrá aláìsàn dúró ni. Láti kékeré ni Fọ́tò ti ń gbọ́ràn sí ohùn yìí lẹ́nu, kò sì tíì kọ̀ ọ́ rí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, kì í sì í ṣe ìgboyà. Ẹ̀rù ti gbé e lẹ́sẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ náà ti kúrò lórí iná, ó dá dúró lófuurufú, kò mọ̀nà dé orí bíréèkì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti le mọ́ sítíárì, ó dì í mú gbagidi síwájú, kò lè yí i síbì kankan mọ́.

Kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó gbà wọ́n là nìyẹn.

Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ iná rẹ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Títì náà tẹ́jú, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀. Tírélà jó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jó díẹ̀, ó mi ìdí, ó dákẹ́. Wọ́n wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítòsí àgọ́ àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, ẹ́ńjìnnì sì kú fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà Àǹtí ní, "Mo ní kó o tẹ bíréèkì."

Fọ́tò mí síta. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ má tẹ̀ ẹ́ ni mà. Tírélà tó bá ń jó, wọn kì í tẹ bíréèkì fún un, á kàn ṣẹ́ po mọ́ ọkọ̀ lára. Ńṣe lèèyàn ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, á di sítíárì mú gbọọrọ, á jẹ́ kó jó o tán."

Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Oníbúrẹ́dì kàn ń wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ṣì dá dúró lófuurufú ni. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣe é tán.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Okùn ṣì di ààrò mú. Fọ́tò ní kí òun yẹ ìkọ́ wò, bóyá wẹ́dà kò jó o dáadáa. Ó tú ṣéènì, ó sì yí irin tó ti ẹnu tírélà mọ́ bọ́ọ̀lù.

Ẹnu tírélà fò sókè fìrì, ó kọjá lẹ́bàá àgbọ̀n rẹ̀, díẹ̀ báyìí ló kù. Ìdí tírélà dún gbàà nílẹ̀. Ààrò fẹ̀yìn ti okùn, okùn náà ké, ó sì dì í mú. Oníbúrẹ́dì pariwo. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, tírélà ti jókòó lé ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń wo ọ̀run.

Oníbúrẹ́dì dúró, ó ń wò ó. Ohun tó ń wò kò ní ẹnu dídùn bíi ti wẹ́dà, ìdí nìyẹn tó fi yé e.

"Ìdí ọkọ̀ kò fúyẹ́ rárá," ló wí. "Tírélà ló ń gbé e sókè. Ààrò tá a fi sẹ́yìn ló tẹ ìdí tírélà, tí ẹnu rẹ̀ fi ń gbé ìdí ọkọ̀ nílẹ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ kò tẹlẹ̀ dáadáa, báwo ló ṣe máa darí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Fọ́tò fọwọ́ lé orí. "Àṣé Àǹtí tá a fi tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, kò wúlò."

Ó sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ.

"Ẹ fi ta ni tẹ kí ni mọ́lẹ̀?" ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì béèrè.

Oníbúrẹ́dì ti kúnlẹ̀ nínú eruku.

"Ẹ má bínú mà."

"Ó ní kò yẹ kí wọ́n wọ ibẹ̀ láìsí mi! Àṣé òkúta ni mí! Àṣé àpò iyẹ̀pẹ̀ ni mí! Ìwọ ọmọ yìí, èmi tí mo fọ ìdí ẹ!"

"Àǹtí mi, ẹrù ló ṣi èmi náà lọ́nà..."

"Dákẹ́! Èmi gan-an ni ẹrù."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga kan níwájú àgọ́ àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí wọ́n ti ń wo gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń wo sinimá, yára bu omi fún un.

Oòrùn ti ń yà. Oníbúrẹ́dì dìde, ó gbọn eruku orúnkún. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà níwájú tírélà kúrò, kí wọ́n sì sún ààrò síwájú.

"Síwájú?" ni Fọ́tò wí. "Ṣebí ìwọ lo ní ààrò ló ń kọ́kọ́ wọlé? Tó bá wà níwájú, òun ló máa kẹ́yìn sọ̀."

"Tí kò bá dé, kí ló máa kọ́kọ́ wọlé?"

Fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín bí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀kan bi Fọ́tò bóyá ó fẹ́ kí tírélà náà fò ni. Òmíràn ní búrẹ́dì tó bá ti inú ààrò yìí jáde kò ní yé mì lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n fi igi ti ìdí tírélà sókè, wọ́n fi òkúta há táyà, wọ́n tún fi páìpù sábẹ́ ààrò.

"Ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e!" ni ohùn kan wí láti iwájú àgọ́. Àǹtí kò tilẹ̀ yíjú. "Orúnkún! Ẹ fi orúnkún gbé e! Mo ti wo ẹ̀yìn ọkùnrin tó pọ̀ sàn, n kò fẹ́ wo òmíràn."

Wọ́n fi orúnkún gbé e.

Oníbúrẹ́dì di ẹnu tírélà mú fúnra rẹ̀. Ó ń sọ pé kí wọ́n sún ààrò díẹ̀, kí wọ́n tún sún un díẹ̀. Nígbà tí ààrò dé orí táyà, ẹnu tírélà fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mì sókè-sódò. Ó ní kí wọ́n tún tì í síwájú díẹ̀. Ẹnu náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Nígbà tó wúwo bí àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n ti lò dé ìdajì, tí ọwọ́ méjì ṣì lè gbé e àmọ́ tí kò jẹ́ fò sókè fúnra rẹ̀ mọ́, ó ní, "Ó tó. Ẹ dì í."

Tìmùtìmù àti aṣọ nìkan ni wọ́n dá padà sórí tírélà. Tábìlì, ọpọ́n àti agolo, ó ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, kí Fọ́tò padà wá kó wọn. Ọkọ̀ tó ń ráhùn bẹ́ẹ̀ lórí òkè, ó ti sọ ohun tó lè fà, wọ́n kàn kọ etí ikún sí i ni.

Wọ́n so ó padà. Ìdí ọkọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Fọ́tò di ojú kan.

"Ó mà tẹ̀ o. Kò gún mọ́."

"Jẹ́ kó tẹ̀."

Ó ku Àǹtí. Oníbúrẹ́dì lọ bá a, dídọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nìkan ni kò ṣe. Àǹtí jẹ́ kó bẹ òun títí àwọn òṣìṣẹ́ náà fi bá a bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó rìn kọjá ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì jókòó síbẹ̀.

"Ẹrù kì í jókòó síwájú," ló wí. "Ìyàwó wa, ẹ̀yìn yá."

Wọ́n rin ìyókù ọ̀nà bí ẹni ru ẹyin. Níbi tí títì bá ti dorí kodò, Fọ́tò ti fi ọkọ̀ sí jíà kékeré kó tó débẹ̀, kì í dúró kó máa sáré kó tó wá bíréèkì. Àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n," ni Àǹtí wí, ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn gbagidi. "Rọra. Mo ní kó o rọra." Tírélà ń tẹ̀lé wọn bí àgùntàn.

Nígbà tí wọ́n dé, onídìrí ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú dígí ńlá kan tó gbé dání, onílé sì ń wo ojú ọ̀run bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Tìmùtìmù ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ aṣọ. Ọ̀run kò ya lulẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin àdúgbò yí ààrò wọlé, tó sì jókòó sábẹ́ ihò páìpù láìfọ́ níbì kankan, onílé fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó sì fi lé oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. Onídìrí gbé dígí rẹ̀, ó lọ.

Oníbúrẹ́dì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó tì í wò látinú. Ó ṣeé tì.

Níta, Fọ́tò ń ṣàlàyé fún onílé. "Ọ̀rọ̀ fífà yìí, ìwọ̀n ni. Ohun tó wúwo, orí táyà ló ń jókòó, kó fi díẹ̀ tẹ̀ síwájú. Bó bá ń jó, má fọwọ́ kàn án, má tẹ bíréèkì." Onílé ń mi orí. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n báyìí rí, òun ní àbúrò kan tó fẹ́ kó ẹrù lóṣù tó ń bọ̀. Fọ́tò ní kó wá.

Lẹ́yìn náà ló wọlé. "Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Mò ń padà lọ kó tábìlì. Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ, kí n gbé yín délé."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí tìmùtìmù tó wà nínú yàrá àkọ́kọ́.

"Délé ibo?"

"Ilé yín mà."

"Kí n gba orí òkè yẹn? Pẹ̀lú ẹ?"

Oníbúrẹ́dì yára súnmọ́ ọn. "Tírélà máa ṣófo báyìí mà. Kò ní jó mọ́."

"Ìyàwó wa, ọsibítù ni mo ti ṣiṣẹ́. Gbogbo àwọn tí wọ́n gbé wá sọ́dọ̀ wa ni ẹnì kan ti sọ fún pé kò ní sí nǹkan kan."

"Bọ́ọ̀sì wà mà. Bọ́ọ̀sì ńlá, tó dúró dáadáa."

"Ibo ni bọ́ọ̀sì náà máa gbà?"

Oníbúrẹ́dì yíjú wo títì níta. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, orí òkè ló sì gbà.

"Ó dáa," ni Àǹtí wí, ó sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. "Ọjọ́ tí wọ́n bá la ọ̀nà míì, ẹ pè mí. Mo ti bá ẹ bínú tán, ìyàwó wa. Ẹni tó ní òun kò lè wọ ibí láìsí mi, mi ò lè já a kulẹ̀. Yàrá yìí ti tó mi. Ẹ̀yin méjèèjì ẹ máa lo èyí ẹ̀yìn."

Fọ́tò wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó rí nǹkan níbẹ̀ tó mú un wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Oníbúrẹ́dì tẹ̀lé e jáde. Ó dúró ti ẹnu tírélà, ó yẹ ìkọ́ wò, ó fa ṣéènì wò. Ìgbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Tó o bá dé ilé, kó aṣọ Àǹtí wá, pẹ̀lú àpótí irin wọn yẹn. Àpótí náà wúwo. Orí táyà ni kó o gbé e sí."

"Mo ti gbọ́."

"Kó sì fi díẹ̀ tẹ̀ síwájú."

"Mo ní mo ti gbọ́."

Ọkọ̀ náà gbéra. Tírélà ń lọ lẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, èèyàn kò lè rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ó ń wò ó lọ títí ohùn kan fi ké láti inú ilé.

"Ìyàwó wa! Níbo lẹ ń pọn omi níbí?"

"Mò ń bọ̀ mà," ni oníbúrẹ́dì wí, ó sì wọlé.